Ìjì-Òòfà àti Àfo-Alẹ́: Okùnfà Méjì fún Ìdàrú Ìpele Áyọ́ọ̀nù

Bí olùkọ́ tàbí olùtumọ̀ bá pe gbogbo ìdàrú tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìpele áyọ́ọ̀nù ní ‘ìjì’, yóò ṣi àwọn tí ń gbọ́ ọ lọ́nà. Okùnfà ìdàrú wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí ó sì kàn wá jù lọ ní ilẹ̀ wa kò nílò ìjì kankan kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ète wa níhìn-ín ni láti ya méjì nínú wọn sọ́tọ̀, kí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Ìpele áyọ́ọ̀nù ni apá òfurufú tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí ilẹ̀, tí ó sì ga dé nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Níbẹ̀ ni ìtànṣán oòrùn ti ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù; átọ́ọ̀mù tí a já lára rẹ̀ báyìí ni à ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ga ju ìpele yìí lọ: nǹkan bí 20,200 kìlómítà ni wọ́n wà. Àkókò tí àmì wọn lò lójú ọ̀nà ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò ibi tí a wà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa dá àmì náà dúró díẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ìdádúró náà ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣírò ìdádúró yìí, ó lè fi ọ̀pọ̀ mítà ṣìnà.

1. Ìjì-òòfà. Ọ̀dọ̀ oòrùn ni èyí ti ń wá. Nígbà mìíràn, oòrùn a máa tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti áyọ́ọ̀nù jáde lọ́pọ̀ yanturu, pẹ̀lú agbára òòfà tí wọ́n gbé dání. Bí wọ́n bá dojú kọ ayé, wọ́n sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, wọn a sì mi òòfà ayé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò pọ̀ jù níbi kan, yóò dín níbòmíràn, ìdádúró àmì yóò sì máa yí padà lójijì. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 àti 11 oṣù Karùn-ún, 2024, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ gbígbìn dúró, nítorí pé katakata tí sátẹ́láìtì ń tọ́ sọ́nà kò lè tẹ̀lé poro mọ́.

2. Àfo-alẹ́. Agbègbè agbedeméjì-òòfà ni èyí ti wọ́pọ̀, èyí ni ìlà tí abẹ́rẹ́ òòfà kì í ti tẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ìlà náà gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ilẹ̀ Yorùbá sì wà nítòsí rẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ a tètè padà sára áyọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n agbára mànàmáná tí ń le sí i ní ìrọ̀lẹ́ a gbé apá òkè, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣì kún, ga sí i. Èyí tí ó wúwo wá gun orí èyí tí ó fúyẹ́. Ẹni tí ó bá da omi lé epo nínú ìgò mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: epo yóò la inú omi gòkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni apá tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò pọ̀ sí ṣe ń la èyí tí ó kún gòkè. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fi í wé èéhó. Ṣùgbọ́n èéhó ní awọ, èyí kò ní. ‘Àfo’ ni ó bá a mu.

Nígbà tí àmì bá gba inú àfo kọjá, agbára rẹ̀ a máa lọ sókè sódò, bí ìràwọ̀ ti ń ṣẹ́jú. ‘Ìṣẹ́jú’ ti di orúkọ àkókò lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ‘ìgbọ̀nrìrì’ ni a dábàá. Láàárín ìwọ̀-oòrùn àti ọ̀gànjọ́ ni ó ń pọ̀, pàápàá ní àyíká oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, ní àwọn ọdún tí àmì dúdú bá pọ̀ lójú oòrùn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì oríṣi méjì lè fi ọ̀kan wọn èkejì, kí ó sì yọ ìdádúró kúrò. Ṣùgbọ́n bí ìgbọ̀nrìrì bá le, àmì yóò sọnù pátápátá, kò sì ní sí ohun tí a ó wọ̀n. Awọnlẹ̀ tí a bá sọ fún pé ‘kò sí ìjì lálẹ́ yìí’ lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kí àfo-alẹ́ sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí a fi ‘ìdàrú’ ṣe orúkọ gbogbogbòò, kí a fi ‘ìjì-òòfà’ mọ sí èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá, kí a sì fi ‘àfo-alẹ́’ pe èyí tí ń yọ ní agbègbè tiwa bí ilẹ̀ bá ti ṣú.