Ìhà mélòó ni ọ̀nà Àkùngbá ní?

Bí mọ́tò bá bàjẹ́ lójú títì tó ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà Àkókó, iye kan ṣoṣo ni ẹni tó fẹ́ wá awakọ̀ náà lọ nílò: kìlómítà mélòó ni ó ti rìn kúrò ní Ìkàrẹ́? Nítorí pé iye kan tó, àwọn onímọ̀ ìṣirò gbà pé ìhà kan péré ni ọ̀nà náà ní, bó ti wù kó ṣe kọ́lọkọ̀lọ tó. Ohun tí wọ́n ń pè ní dàìmẹ́ńṣàn nìyẹn.

Bí awakọ̀ bá wá yà wọ inú igbó, iye yóò di méjì, bíi ti máàpù. René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1637.

Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ Àkókó tí yóò gbà pé méjì tó? Máàpù pẹlẹbẹ yóò fi hàn pé Ọ̀kà kò jìnnà sí Àkùngbá, kò ní sọ bí òkè ibẹ̀ ti ga tó. Gíga ni ìhà kẹta, ewu ọ̀nà náà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù iwájú Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá. Ẹ̀mí ṣòfò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn tó kú.

Ìhà kò pin síbẹ̀ o. Ẹ mú àpótí kan, kí ẹ sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ojú ara rẹ̀, tó jẹ́ oníhà méjì, yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí yóò gbà sínú, tó jẹ́ oníhà mẹ́ta, yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀. Ìhà mẹ́ta ni ẹrù ń tẹ̀ lé bó ṣe ń wúwo sí i, ṣùgbọ́n ojú ara ni bíréèkì fi ń tú ooru dànù. Ìdí nìyí tí bíréèkì ọkọ̀ ńlá fi tètè ń gbóná lórí ìsọ̀kalẹ̀, tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ sì máa ń wọ jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́dún 1908, Hermann Minkowski, onímọ̀ ìṣirò kan ní Jámánì, fi àkókò kún un gẹ́gẹ́ bí ìhà kẹrin. Àwọn tó ń dá ìpàdé sọ́jà Ìkàrẹ́ kò ní bá a jiyàn: bí wọn kò bá dárúkọ aago, wọn kò ní rí ara wọn.