Ọwọ́ Ta Ni Bọ́tìnì Rédíò Wà?

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rédíò n'Íbàdàn, ọ̀dọ̀ rédífúṣọ̀n ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba amúnisìn gbé e dé Èkó ní 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939: àpótí ara ògiri, wáyà láti ilé-iṣẹ́, owó oṣooṣù. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é. Ká sòótọ́, àpótí yẹn kì í ṣe rédíò. Ilé-iṣẹ́ ló ń gba ohùn BBC, tó wá ń fi wáyà pín in. Ẹni tó sanwó kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ohun tó fún olùgbọ́ lágbára àtiyàn ni fáàfù kan ṣoṣo nínú rédíò onífáàfù, èyí tó ń pa ìgbì dà.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Fáàfù náà á dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, á pò ó mọ́ èyí tó gba eriali wọlé, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò sì gbé síwájú. Bí ilé-iṣẹ́ bá wà lórí 1,000 kilohertz, fáàfù á dá 1,455. 455 ló kù. Yí bọ́tìnì sí 700, á dá 1,155. 455 náà ló tún kù. Ìgbì kan péré ni ìyókù rédíò ní láti mójú tó. Láti 1918 ni Edwin Armstrong ti gbé ọgbọ́n yìí jáde. Nínú fáàfù 6BE6 ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ibì kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń wáyé; ECH81 ti Yúróòpù ya apá tó ń dá ìgbì sọ́tọ̀ nínú ìgò kan náà. Lórí shortwave, níbi tí Lọ́ńdọ̀nù ti ń bọ̀ wá bá wa, iṣẹ́ méjèèjì tètè máa ń dí ara wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá wà níbì kan náà. Lójú tèmi, ECH81 ló yẹ ilẹ̀ wa jù.

Ẹnìkan lè ní tálákà kò lówó rédíò onífáàfù, pàápàá níbi tí kò sí iná. Òótọ́ ni: rédíò tó ń lo fáàfù 1R5 kò nílò iná ìjọba, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ tó tó volt 67 sí 90 kì í ṣe owó kékeré. Ẹlòmíràn lè ní tiransísítọ̀ ló tú wa sílẹ̀. Ó dín ìnáwó kù lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ fáàfù yẹn náà ló gbà ṣe. Rédíò inú fóònù tí wọ́n ń tà ní Ìwó Road ṣì ń po ìgbì mọ́ ìgbì. Agbára àtiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Lẹ́yìn àríyànjiyàn òmìnira 1953, Gómìnà Macpherson bú ẹgbẹ́ Action Group lórí rédíò ìjọba, wọn kò sì jẹ́ kí Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, fèsì níbẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní 1959, tó di NTA Ìbàdàn ní Agodi, nítòsí Ìwó Road. (Ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion gan-an ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá dòwò pọ̀!) Rédíò WNBS tẹ̀ lé e. Àmọ́ ohùn kejì yìí kò lè dé ilé ẹni tó ní asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan, àfi bí oníwáyà bá gbà.