Ẹ́ńjìnì Ta Ni Yóò Wọ Ọkọ̀ Àwòṣe?

Bí ènìyàn bá ń gbé ní Mahuta, ní apá gúúsù ìlú Kàdúná, ó ṣòro kó má mọ ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kakuri, tàbí tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1972 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Peugeot ti ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1975, ọkọ̀ ti ń jáde láti Kàdúná. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ níbẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà lókè ọya lọ sílé fún Iléyá àti Kérésìmesì, láti Kàdúná dé Ìlọrin, dé Òṣogbo, dé Ìbàdàn. Nítorí náà, bí ẹ bá bi àgbà mẹkáníìkì kan ní Mahuta pé ẹ́ńjìnì wo ló dára jù láyé, ẹ ti mọ ohun tí bàbá náà máa wí kó tó la ẹnu.

Ìbéèrè tí mo mú wá lónìí jọ èyí, àmọ́ ó jìnnà sílé díẹ̀. Káàkiri ayé, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọkọ̀ asáré ní àwòṣe ọkọ̀ àtijọ́ kan tí agbára wọn kò ká láti rà. Wọ́n á ra ṣáásì àti bọ́dì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, wọ́n á wá bíréèkì, ìjókòó àti táyà sí i. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀: ẹ́ńjìnì ilé iṣẹ́ wo ni ká gbé sínú rẹ̀?

Kì í ṣe pé ìbéèrè yìí ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ta ni kò tíì rí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì, tí ẹni tó ni ín sì ní láti wá òmíràn? Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ béèrè iye agbára ẹṣin. Ohun tó máa ń béèrè ni pé ṣé yóò jókòó lórí ẹ́ńjìnì síìtì tó wà níbẹ̀? Ṣé gíà rẹ̀ yóò bá a mu? Ṣé ẹ rí i rà tòun ti wáyà, brain box àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àbí irin lásán ni wọ́n tà fún yín? Bó bá sì kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja lálẹ́, ta ni yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí sọ́kàn. Òun ni mo fẹ́ ká fi yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè wò.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe àwòṣe rẹ̀ jù lọ ní ayé ni Cobra. Ìtàn rẹ̀ ni ìdáhùn tó dára jù fún àwọn tó ń bá ara wọn jà nítorí orúkọ ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà ní Thames Ditton, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, tó ń jẹ́ AC. Wọ́n ń ṣe ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ace. Ẹ́ńjìnì tó dára jù tí wọ́n ń lò fún un, oní sílíńdà mẹ́fà, ọwọ́ ilé iṣẹ́ Bristol ni wọ́n ti ń gbà á. Ní ọdún 1961, Bristol fẹ́ fi ẹ́ńjìnì náà sílẹ̀. Carroll Shelby, ọmọ ìpínlẹ̀ Texas, tó ti gba ìdíje Le Mans ní ọdún 1959 kí àìsàn ọkàn tó mú un fi eré ìje sílẹ̀, kọ̀wé sí AC pé òun lè bá wọn wá ẹ́ńjìnì V8 láti Amẹ́ríkà.

Ọ̀dọ̀ Chevrolet ni Shelby kọ́kọ́ lọ. Wọ́n kọ̀ fún un, torí wọ́n ní ọkọ̀ asáré Corvette tiwọn, wọn kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tọ́ ẹni tí yóò bá a díje. Ìgbà náà ló wá yà sọ́dọ̀ Ford, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé V8 kékeré kan jáde, tí irin rẹ̀ tín-ín-rín tó sì fúyẹ́ ju ti àwọn V8 mìíràn lọ. Ford gbà. Wọ́n gbé e sínú Ace, Cobra àkọ́kọ́ sì dìde ní ọdún 1962, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì lítà 4.3, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e dé 4.7.

Gbogbo Cobra tí wọ́n ṣe kí ọdún 1967 tó parí kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó lónìí, pàápàá oní lítà 7, owó rẹ̀ ti tó mílíọ̀nù dọ́là tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwòṣe rẹ̀ fi pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tó sì ń kọ́ ọ pín sí ọ̀nà méjì: apá kan ní Ford nìkan ló bá a mu, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé ẹ́ńjìnì Chevrolet sínú rẹ̀, apá kejì ní Chevrolet kò wọ́nwó, pé àfikún rẹ̀ kún ọjà. Èmi rò pé apá àkọ́kọ́ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Chevrolet bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 1961, òun ni wọn ì bá máa pè ní ojúlówó lónìí.

Àmọ́ kí a má fi ọwọ́ rọ́ Ford sẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà láti yàn án, ìdí náà kò sì sí nínú orúkọ. Nínú V8 kékeré ti Ford, dìsìtíríbútọ̀ wà níwájú, ibi tí ọwọ́ ti lè tó o. Ti Chevrolet àtijọ́ wà lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri irin tó dá ẹ́ńjìnì yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀. Nínú ọkọ̀ tí ààyè bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, ẹni tó fẹ́ tún táímíìnì ṣe yóò jìyà. Ìwọ̀n náà tún ṣe pàtàkì. Nígbà tí Shelby fẹ́ gbé ẹ́ńjìnì lítà 7 wọlé ní ọdún 1965, tó fi nǹkan bí ọgọ́rin kílò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣáásì àkọ́kọ́ kò lè gbé e. Wọ́n ní láti ṣe òmíràn tó nípọn, kí wọ́n sì yí sípíríìnì rẹ̀ padà. Ẹni tó bá yan ẹ́ńjìnì, ó ti yan bíréèkì, sípíríìnì àti rédíétọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá wà nínú iṣẹ́ yìí. Ní Gqeberha (Port Elizabeth tẹ́lẹ̀), ní South Africa, ni wọ́n ti ń ṣe àwòṣe Cobra tó ń jẹ́ Superformance láti àwọn ọdún 1990. Wọ́n á kùn ún, wọ́n á tẹ́ ìjókòó rẹ̀, wọ́n á de táyà mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Amẹ́ríkà láìní ẹ́ńjìnì. Oníbàárà ní ọ̀hún ni yóò wá èyí tó wù ú.

Mo fẹ́ kí a kúrò nídìí Cobra báyìí, torí ibi tó kàn ni ọ̀rọ̀ ti padà kanlẹ̀kùn wa. Lotus, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ asáré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti máa ń ra ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ìdílé láti ìgbà Colin Chapman tó dá a sílẹ̀. Lotus Seven tó jáde ní ọdún 1957, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Ford kékeré tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2004, Lotus mú ẹ́ńjìnì Toyota wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Elise. Ní ọdún 2006, Elise S jáde pẹ̀lú 1ZZ-FE lítà 1.8. Ẹ lọ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì Corolla 2004 tó wá láti Amẹ́ríkà, irú èyí tó kún Kàdúná: 1ZZ-FE ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ní ọdún 2009, Lotus tún gbé Evora jáde pẹ̀lú 2GR-FE, V6 lítà 3.5. Ẹ́ńjìnì yẹn náà ló wà nínú Sienna, Lexus RX 350, àti Camry Muscle oní V6.

Peugeot náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú èyí. V6 tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ ṣe wọ inú 504 onílẹ̀kùn méjì ní ọdún 1974. Ẹ́ńjìnì ìdílé yẹn kan náà ni John DeLorean gbé sẹ́yìn ọkọ̀ onírin dídán tó ń tò pọ̀ ní Dunmurry, Northern Ireland, ní ọdún 1981. Caterham, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ Seven náà títí di òní, ní èyí kan tó jáde ní ọdún 2013 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Suzuki 660cc, oní sílíńdà mẹ́ta àti tọ́bò. Ìdílé ẹ́ńjìnì tó wà nínú Suzuki Every tí Èkó àti Ìbàdàn ń pè ní kòròpé ni. Ó ń sáré torí pé gbogbo ọkọ̀ náà kò tó 500 kílò.

Ìṣirò kékeré yìí ló yẹ kí ọmọ Mahuta tó fẹ́ kọ́ ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì lítà 2 ti 504 oní kábúrétọ̀ kò tó 100 agbára ẹṣin, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bí 1,200 kílò. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnì náà sínú àwòṣe Seven tí kò ju 600 kílò lọ, ìlọ́po méjì agbára ni ẹsẹ̀ awakọ̀ máa mọ̀. Kò nílò brain box. Sílíìfù rẹ̀ ṣeé yọ pààrọ̀ láìgbé búlọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ irin. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì wà láàárín wa. Bó bá jẹ́ Seven ni ẹ fẹ́ kọ́, mo fara mọ́ Peugeot, kì í sì í ṣe torí pé ọmọ ìlú wa ni. Ẹ yára ṣá, torí àwọn tó ń tú u fún títà ń dínkù lọ́dọọdún.

Fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, Toyota ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀. Ẹ́ńjìnì Corolla tàbí Camry jókòó ní ìbú, gíà rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ lódindi láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, kí ẹ má nílò púrópẹ́là rárá. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ wáyà, brain box àti kọ́kọ́rọ́ láti inú ọkọ̀ kan náà, torí kọ́kọ́rọ́ tí brain box kò mọ̀ kò ní jẹ́ kó siná.

Àwòṣe Cobra ló le. Ó fẹ́ ẹ́ńjìnì tó jókòó ní gígùn, tó sì ń fi púrópẹ́là yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì V8 Ford 302 yóò dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ ojúlówó, àmọ́ ẹ lọ béèrè tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Kàdúná kí ẹ gbọ́ ìdáhùn. Ní Australia àti New Zealand, ọ̀pọ̀ ti yan V8 lítà 4 tó wà nínú Lexus LS 400, tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù látòkè délẹ̀. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Bí owó bá kéré, ẹ́ńjìnì lítà 2.7 ti Hiace wà, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sì wà ní gbogbo garéèjì láti Mahuta dé Ìlọrin. Kò ní bú ramúramù bíi V8, àmọ́ yóò gbé yín dé ilé.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ rò. Imú ọkọ̀ asáré máa ń rẹlẹ̀, ààyè rédíétọ̀ rẹ̀ sì máa ń kéré. Ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Kàdúná kò ní ṣàánú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eruku ọyẹ́ yóò dí fílítà afẹ́fẹ́ pa. Ẹ ra rédíétọ̀ tó tóbi ju ti àwòṣe lọ, kódà bó bá máa ba ìrísí iwájú jẹ́ díẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá lásán ní apá àríwá. Ní ọdún 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Jos gbé ọkọ̀ asáré tó fi carbon fibre ṣe jáde, ó pè é ní Bennie Purrie. Ọwọ́ tó lè rọ irin, tó lè jó o pọ̀, kún ọjà Panteka ní Kàdúná níbí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí ń wù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ge irin ṣáásì kan kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnì lára, torí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba pátákó ọkọ̀.