Kọ̀ǹpútà Ogbó Tí Ó Kọ̀ Láti Jí

Ohun kan wà tí ó ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ilé lóde òní. Èyí ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, tí a tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí kò sì dáhùn mọ́. Kì í ṣe owó tí a fi rà á nìkan ni ó ń dunni. Nínú rẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó wà, àti ti òbí tí ó ti di olóògbé, àti àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ láti ọdún mẹ́wàá wá. Nínú ìdààmú yìí ni ẹlòmíràn fi ń sáré gbé e lọ fún oníṣẹ́ tí yóò nu inú rẹ̀ nù pátápátá kí ó tó béèrè ohun tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń jí. Iná mànàmáná a kọ́ wọ àpótí kékeré kan nínú rẹ̀, tí ó ń sọ agbára iná náà di fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ a yẹ ara rẹ̀ wò. Ní ìkẹyìn, a wá dísìkì tí Windows wà nínú rẹ̀, a sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó dúró sí nínú mẹ́ta wọ̀nyí ti mọ ìdajì àrùn rẹ̀.

Bí kò bá tan iná rárá, tí fáànù kò sì yí, ẹ fi fìtílà dán ihò iná ara ògiri wò, kí ẹ sì ti wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé dáradára. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí a kọ 115 àti 230 sí. Iná ti Nàìjíríà jẹ́ 230, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, bí a bá fi sílẹ̀ sórí 115, ó lè bú gbàmù lójú kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú àpótí iná náà fúnra rẹ̀, nítorí iná a máa lúgọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà.

Bí fáànù bá ń yí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ó ń ké píì-píì, kí ẹ sì ka iye rẹ̀. Ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ náà ni yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, RAM ni kò jókòó dáradára. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà, kí iná tí ó wà lára yín má bàa pa á lára, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ gbọn eruku dànù, ẹ yọ RAM, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu etí rẹ̀ tí ó dàbí wúrà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún kẹ́. Bí ẹ bá rí àwọn nǹkan bí agolo kékeré tí orí wọn wú, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn.

Bí ó bá jí, ṣùgbọ́n tí ó wí pé òun kò rí dísìkì, ẹ kọ́kọ́ yọ flash tàbí CD tí a gbàgbé sínú rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ó ń kà pẹ̀lú. Bí ó bá ti padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tí à ń pè ní CR2032 ti kú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, kí a tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, kí a sì tún fi dísìkì tí yóò lò hàn án.

Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá ń dún kẹ́kẹ́-kẹ́kẹ́, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Títàn án léraléra lè ba ohun tí ó kù jẹ́. Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a da gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kọ síbòmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó fi Windows tuntun sí i. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún oníṣẹ́ kí ó tó mú ìdè lọ́wọ́.

A lè ra ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n a kò lè padà lọ ya àwòrán ẹni tí ó ti lọ. Nítorí náà, nígbà tí tiyín ṣì ń jí ní òròòwúrọ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ sí ilé mìíràn.