Àwọn ìbọn Walter Bell, ọdẹ aperin

Walter Dalrymple Maitland Bell (1880–1954), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Karamojo Bell, jẹ́ ọdẹ aperin, awakọ̀ òfurufú ológun àti òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Scotland. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ òun fúnra rẹ̀, erin 1,011 ni ó pa ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí ó mú orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn ọdẹ ìgbà rẹ̀ ni pé ìbọn tí ọta rẹ̀ tín-ín-rín ni ó fi pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ìbọn ńlá nìkan ni apá rẹ̀ lè ká erin.

Ìgbésí ayé

Wọ́n bí Bell nítòsí ìlú Edinburgh. Òbí rẹ̀ méjèèjì kú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí ó dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ó ti ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin Uganda lọ́wọ́ kìnnìún. Lẹ́yìn èyí, ó lọ sí Klondike ní ilẹ̀ Kánádà ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti wa wúrà. Ẹran ìgbẹ́ ni òun ń pa fún títà. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò rẹ́ ẹ jẹ, Bell sì ní láti ta ìbọn rẹ̀ kí ó tó lè kúrò níbẹ̀. Ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kánádà tí ó lọ ja Ogun Boer (1899–1902) ní Gúúsù Áfíríkà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti padà sídìí ọdẹ ṣíṣe.

Agbègbè Karamoja, tí ó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Uganda, ni ó ti gba orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Pyjale, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó mọ ipasẹ̀ ẹranko dáadáa, wà lára àwọn tí wọ́n jọ ń wọ ìgbẹ́. Bell tún dọdẹ ní Lado, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù títí ọba náà fi wàjà ní 1909, àti ní Làìbéríà. Ó wa ọkọ̀ òfurufú jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìwé rẹ̀, The Wanderings of an Elephant Hunter, jáde ní 1923.

Bí a ṣe ń ka orúkọ ìbọn

Nọ́ńbà ni a fi ń dá irú àwọn ìbọn wọ̀nyí mọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ínǹṣì wọn fífẹ̀ ihò ìbọn, nítorí náà .275 túmọ̀ sí ìdá 275 nínú 1,000 ínǹṣì kan. Mìlímítà ni àwọn ará Jámánì ń lò, wọ́n sì máa ń fi gígùn kòròfo ọta kún un. Ní ti 7×57, ihò ìbọn náà fẹ̀ tó mìlímítà 7, kòròfo ọta rẹ̀ sì gùn tó mìlímítà 57. Ọta kan náà ni .275 Rigby àti 7×57 Mauser. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1890 sí 1899, kí ilé iṣẹ́ John Rigby ti Lọ́ńdọ̀nù tó fún un ní orúkọ tirẹ̀.

Àwọn ìbọn tí ó lò

.303: Èyí ni ìbọn tí ó kọ́kọ́ gbé dé Áfíríkà. Ọta kan ṣoṣo ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó tún lo irú .303 mìíràn tí ó ń gba ọta púpọ̀.

.275 Rigby: Ìbọn tí ó fẹ́ràn jù lọ nìyí, òun ni ó sì fi pa erin tí ó lé ní 800. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í gbá èjìká púpọ̀, ọta rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Jámánì kì í sì í já a kulẹ̀.

.256 Mannlicher-Schönauer: Ìbọn yìí tún fúyẹ́ ju ti Rigby lọ. Bell fẹ́ràn bí ó ṣe rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n àìdára ọta tí ó rí rà fún un mú kí ó fi í sílẹ̀.

.318 Westley Richards: Ó lágbára ju .275 lọ, Bell sì lò ó dáadáa, àmọ́ ó ṣàròyé nípa ọta tirẹ̀ náà.

Nínú gbogbo èyí, ọta ni Bell kà sí pàtàkì jù. Bí ètù inú ọta bá pẹ́ kí ó tó gbaná, tàbí tí kòròfo rẹ̀ bá há sínú ìbọn, kò sí ohun tí dídára ìbọn lè ṣe fún ẹni tí ó dúró níwájú erin.

Ìdí tí ìbọn kékeré fi ṣiṣẹ́

Orí ọta .450 Nitro Express, tí ó jade ní 1898, wúwo tó gíráàmù 31, ti .600 Nitro Express sì tó gíráàmù 58. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ó ń yin irú ọta bẹ́ẹ̀ lè wọn kílò 5 sí 7. Orí ọta .275 tí Bell lò kò ju bíi gíráàmù 11 lọ, agbára tí ó sì ń gbé jáde kò tó ìdajì ti .450.

Ṣùgbọ́n orí ọta náà gùn, ó tín-ín-rín, irin líle sì bo imú rẹ̀. Nítorí èyí kì í fẹ̀ tàbí fọ́ nígbà tí ó bá kan egungun. Ṣe ni ó ń gún un lọ tààrà. Agbárí erin tóbi, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ egungun oníhò-níhò bí afárá oyin. Ọpọlọ rẹ̀, tí ó wọn bíi kílò 5, wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, láàárín etí méjèèjì. Bell ní kí wọ́n fi ayùn la agbárí erin sí méjì kí òun lè mọ ibẹ̀ dájú, ó sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ó tún kọ́ bí a ṣe ń yin erin láti ẹ̀yìn ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ọta gba inú iṣan ọrùn dé ọpọlọ. Ìyìnbọn yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Èrò rẹ̀ ni pé bí ọta bá ba ọpọlọ, erin yóò ṣubú, ìbáà jẹ́ ọta kékeré tàbí ńlá. Bí kò bá bà á, ìtóbi ọta kò lè dípò ìfojúsùn tí kò péye. Ó tún ṣàkíyèsí pé erin tí ó kú lójú ẹsẹ̀ kì í pariwo, ìró ìbọn kékeré kì í sì í le ìyókù lọ.

Àríyànjiyàn

Kì í ṣe gbogbo ọdẹ ni ó gba ọ̀rọ̀ yìí. John Taylor, nínú ìwé rẹ̀ African Rifles and Cartridges (1948), jiyàn pé ọta ńlá lè mú kí erin dákú fúngbà díẹ̀ bí ó tilẹ̀ fi díẹ̀ tàsé ọpọlọ, èyí tí ó fún ọdẹ láǹfààní láti tún yìn ín. Nínú igbó dídí, níbi tí a kì í ti rí erin àfi tí ó bá ti súnmọ́, àǹfààní yìí lè gba ẹ̀mí là. Inú ọ̀dàn ni Bell ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ọwọ́ tí ó dúró ṣinṣin ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹni tí kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó sì fara wé e lè ṣe ẹranko léṣe lásán, kí òun náà sì kú. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ọdẹ ṣíṣe ṣì bófin mu lónìí, òfin kò gba ìbọn .275 láyè fún erin; .375 tàbí ohun tí ó súnmọ́ ọn ni ìwọ̀n tí ó kéré jù.

Erin lẹ́yìn Bell

Nítorí eyín erin ni Bell ṣe ń pa erin. Àwọn aláàárù ni ó ń rù ú, àwọn oníṣòwò a sì kó o lọ sí òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe bọ́tìnnì dùùrù àti bọ́ọ̀lù bílíádì. Ní ìgbà náà, àwọn ènìyàn rò pé erin kò lè tán. Kẹ́ńyà fi òfin de ọdẹ ṣíṣe ní 1977, ní 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES sì fẹnu kò láti fòfin de òwò eyín erin Áfíríkà láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ìṣirò tí àjọ IUCN gbé jáde ní 2016 fi hàn pé erin tí ó kù ní Áfíríkà jẹ́ bíi 415,000. Ní 2021, àjọ náà ka erin inú ọ̀dàn mọ́ àwọn ẹranko tí ó wà nínú ewu, ó sì ka erin inú igbó mọ́ àwọn tí ewu tiwọn le jù lọ.

Ní Karamoja fúnra rẹ̀, ọgbà ẹranko Kidepo Valley, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ṣì ní erin. Iṣẹ́ àwọn tí ó ń gbé ìbọn níbẹ̀ báyìí ni láti dáàbò bò wọ́n.