Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Ẹjọ́ Òbí

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Họ́lándì ní Yúróòpù. Ìjọba ibẹ̀ máa ń ran òbí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ láti san owó ilé ìtọ́jú ọmọ. Láti ọdún 2013, àwọn agbowó-orí fi kọ̀ǹpútà wá ẹni tí ó lè máa purọ́ gba owó náà. Ẹ̀rọ yìí a máa fura sí àlejò ju onílé lọ. Òfin sì le: nítorí àṣìṣe kékeré, wọ́n lè gba gbogbo owó náà padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n pè ní olè láìjalè. Gbèsè wọlé, ìgbéyàwó mìíràn tú ká. Bí òbí bá béèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí ọ̀ràn yìí.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ tó gbọ́n ju ti ìgbà náà lọ ti ń dé ọwọ́ àwọn aláṣẹ báyìí. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló wí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè pé: ta ló rán an níṣẹ́? Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ tiwa?