Èrè Fíìmù Ló Bo Kodak Lójú

Orúkọ kan wà tí kò sí àgbà ayàwòrán tí kò mọ̀ ọ́n: Kodak. Àwọn kan máa ń sọ pé òjijì ni kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù bá ilé-iṣẹ́ náà. Irọ́ ni. Ilé Kodak gan-an ni wọ́n ti bí ọmọ náà.

Ní ọdún 1975, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Steven Sasson to irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ jọ ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Rochester, ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń kó àwòrán sí, ìṣẹ́jú-àáyá 23 sì ni àwòrán kan ń gbà kó tó wọlé. Dúdú àti funfun ni, kò sì mọ́ kedere. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wò ó, wọn ò kà á sí ohun tó yẹ kí wọ́n gbé sọ́jà.

Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìwé owó wọn wò bí a ti ń yẹ ti ẹgbẹ́ wò. Nígbà tí George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde ní 1888, dọ́là 25 ni ó ń tà á, pẹ̀lú fíìmù tó gba àwòrán 100 nínú rẹ̀. Bí àwòrán bá pé, oníbàárà á dá odidi kámẹ́rà padà pẹ̀lú dọ́là 10, wọ́n á fọ fíìmù náà, wọ́n á tún fi tuntun sí i. Ẹ ò rí i? Ohun tí ènìyàn ń padà wá rà ni èrè wà nínú rẹ̀: fíìmù, bébà, oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ń ta sítóòfù, tó sì tún ń ta kẹrosíìnì. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá wá ṣe sítóòfù tí kì í lo kẹrosíìnì, ṣé ó máa pariwo rẹ̀ ni?

Síbẹ̀, Kodak kò káwọ́ gbera, a ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn. Ní 2005, òun ló ta kámẹ́rà dígítà jù ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn ará Japan sì ń ta tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Ní oṣù kìíní 2012, Kodak lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí gbèsè. 2013 ló tó bọ́ níbẹ̀. Kódà kámẹ́rà dígítà fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ fóònù. Àwọn ilé-iṣẹ́ inú ẹgbẹ́ àwọn oníkámẹ́rà Japan kó èyí tó lé ní mílíọ̀nù 120 jáde ní 2010. Nígbà tó fi máa di 2020, kò pé mílíọ̀nù 9 mọ́.

Fujifilm ti Japan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, jẹ nínú ìyà kan náà. Ọdún 2000, tí Shigetaka Komori di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, ni ọjà fíìmù dé góńgó. Ó sì já wálẹ̀ kíákíá. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ púpọ̀, ìyẹn dunni. Àmọ́ wọ́n tún bi ara wọn pé, yàtọ̀ sí fíìmù, kí ni ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe? Collagen wà nínú fíìmù, ó sì wà nínú awọ ara ènìyàn. Wọ́n mọ oògùn tí kì í jẹ́ kí fótò ṣá. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe ìpara Astalift ní 2007. Wọ́n ń ṣe awẹ́ fíìmù tí ó ń wọ ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Ní 2008 wọ́n ra Toyama Chemical, tó ń ṣe oògùn. Ẹ wá wò ó, Kodak náà ti ra ilé-iṣẹ́ oògùn Sterling ní 1988, ó tún tà á ní 1994! Lójú tiwa, ibẹ̀ ló ti ṣì í jù.

Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gba ẹ̀yáwó láti fi kún ọjà pé: kí lo mọ̀ ọ́n ṣe bí ọjà yìí bá kú? Àwọn kan ń bínú sí ìbéèrè náà. Àwọn ayàwòrán tó ti fọ fíìmù nínú òkùnkùn rí kì í bínú.

Kodak kò kú o. Ó ṣì ń ṣe fíìmù ní Rochester, àwọn tó ń ṣe sinimá sì ń rà á. Fujifilm ní tirẹ̀ ń ta Instax, tó ti wà láti 1998, kámẹ́rà tó ń pọ fótò jáde lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, bébà rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán kí wọ́n tó tún padà wá ra òmíràn.